Omi Tí Mo Dà Nù ní Akpassi

Ní Ṣakí níbí, ẹnikẹ́ni tó bá ti sọdá bodè, a ó ní ó lọ Kútọnu ni. Láti ìgbà tí mo ti dé, bí mo bá ti yọjú síta, wọ́n á ní kí n sọ bí òkun ṣe rí. Mi ò rí òkun. Mi ò dé Kútọnu rárá. Savalou ni mo gbé fún oṣù mẹ́sàn-án, mo sì dé Bantè, mo dé Akpassi tó wà lábẹ́ Bantè. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta láti fẹnu ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀ fún ìyá mi. Ní ìgbà kẹta ló ní, "Kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá á lè yé ìwọ fúnra rẹ." Òun ni mo kọ yìí. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ẹ sì mọ ibi tí ìwé mi mọ. Ibi tí kò bá yé yín nínú rẹ̀, kò yé èmi náà nígbà yẹn ni.

Ìlú tí mi ò gbọ́

Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Sìdí tó ń ta aṣọ ní Savalou, ló mú mi lọ. Nígbà tí a dé Ṣábẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, torí èdè wa náà ni wọ́n ń sọ, ohùn ló kàn yàtọ̀. Ní Ìdáàṣà, mo ṣì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí n máa wo ẹnu wọn. Nígbà tí a ó fi dé Savalou, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èdè Mahi ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà, Faransé sì ni ti ọ́fíìsì. Gbogbo ọjà ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo rò pé èmi ni.

Ìyá onílé àǹtí mi gbé omi wá fún wa nínú abọ́. Kí n tó nawọ́, ó gbé e sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó wá gbé e fún mi. Mo wo àǹtí mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni í mu nínú omi àlejò kó tó fún un?

"Gbà á, kí o mu ún," ni àǹtí mi wí. "Ó ń fi hàn ọ́ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀ ni. Bí o bá kọ̀ ọ́, o bú u nìyẹn."

Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mu ún tán pátápátá. Ni wọ́n bá tún bu òmíràn wá.

Oúnjẹ wọn ni kò jẹ́ kí n sunkún ilé. Iyán wọn funfun, ó ń fà, ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú wàrà díndín tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n ìyá onílé ni ike iyọ̀ máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kálukú á sì béèrè ìwọ̀n tó fẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ ọbẹ̀ tí kò dé iyọ̀, kí ìyá náà tó bi àǹtí mi bóyá dókítà ló ní kí n má fẹnu kan iyọ̀.

Tọ́ńtọ̀n

Iṣẹ́ náà rèé. Àwọn kan ń wádìí ìdọ̀tí olóró káàkiri agbègbè Savalou àti Bantè: ike oògùn apakòkòrò òwú tó ti tán, omi bátìrì, òkú bátìrì, ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí wọn. Wọ́n ń wá ẹni tó máa pe àwọn ará Bantè. Èdè Ìṣà tí wọ́n ń sọ ní Bantè bá tiwa tan, wọ́n sì ń gbọ́ tiwa lórí rédíò. Ṣùgbọ́n Faransé ni gbogbo wọn fi kàwé. Ìbéèrè tí wọ́n kọ ní Yorùbá, kò sẹ́ni tó lè kà á já. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama, Yorùbá nìkan ni ìwé tí mo mọ̀ ọ́n kà láìkọsẹ̀. Wọ́n gbà mí.

Mi ò gbọdọ̀ ti inú ara mi bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà ló ń mú ìbéèrè wá. Bí ẹni náà bá dáhùn, màá tẹ ìdáhùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà á wò ó, á sì mú ìbéèrè tó kàn wá. Ọ̀gá wa, Mẹ̀síyé (ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni) Jẹrọ́ọ̀mù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n kó àwọn dókítà jọ, àti àwọn tó mọ̀ nípa oko àti májèlé, wọ́n bi wọ́n léèrè pé, "Bí èèyàn bá sọ báyìí, kí lẹ ó tún bi í? Ibo ni ẹ̀rù ti máa bà yín?" Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni wọ́n kó sínú rẹ̀.

"Nítorí náà, má bẹ̀rù," ló wí. "Kì í ṣe ìwọ lò ń bi wọ́n. Àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyẹn jókòó sẹ́yìn rẹ."

Mo bojú wẹ̀yìn.

Fífámẹ̀, ọmọ Mahi tó ń pe àwọn ará Djaloukou, ni tábìlì rẹ̀ kan tèmi. Ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Òun ló ń pe kọ̀ǹpútà náà ní Tọ́ńtọ̀n, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni níbẹ̀. "Tọ́ńtọ̀n mọ gbogbo nǹkan," ló sọ fún mi, "àfi bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn."

Bí ìpè bá parí, Tọ́ńtọ̀n á tan àwọ̀ kan. Pupa ni ewu. Àwọ̀ ewé ni kò séwu. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń mú wá ni: "Ǹjẹ́ ohun olóró kankan wà nínú ilé yín?"

"Olóró? Nínú ilé mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Bí gbogbo wọn ṣe ń dáhùn nìyẹn. Màá tẹ Rárá, Tọ́ńtọ̀n á tan àwọ̀ ewé, á kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé kí n dúpẹ́ kí n parí ìpè. Ìkíni tí a kọ́kọ́ ń kí ara wa gùn ju ìwádìí lọ. Bàbá kan ní Atokoligbé nìkan ni kò tètè dáhùn.

"Ta ló ń sọ ohun tí wàá bi mí fún ọ?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Mo bi Mẹ̀síyé. Ó ní ọdún méjì. "Ọmọ ọdún méjì ni, Bàbá."

"Ọmọ ọdún méjì ló ń bi èmi bóyá májèlé wà nílé mi. Kí ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n kó sùn."

Láàárín oṣù kan, gbogbo ilẹ̀ Bantè ti di àwọ̀ ewé. Inú Mẹ̀síyé ń dùn, nítorí ọmọ Bantè lòun náà. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò yé. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mò ń rí gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ya agbárí èèyàn, àmì májèlé, sí lára lọ́jà, epo pupa ló wà nínú rẹ̀. Ibo ni wọ́n ti ń rí gálọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn, bí kò bá sí ohun olóró nílé ẹnikẹ́ni? Mi ò bi ẹnì kankan. Mo rò pé àwọn ọlọ́gbọ́n tó wà lẹ́yìn mi mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó jìnnà

Ní ọjọ́ kan, mo pe obìnrin kan ní Akpassi. Ó ní kí n máa pe òun ní Ìyá Róòsì. Ó ní rárá bíi tàwọn yòókù, Tọ́ńtọ̀n tan àwọ̀ ewé, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè pa fóònù mọ́ àgbà létí. Ó ní kí n kí àwọn ará ilé, mo ní wọ́n á gbọ́. Ó ní kí n kí ìyá mi. Ó ní kí n kí ọ̀gá mi. Ó wá dákẹ́. Mo rò pé ó ti lọ, àfi bí mo ṣe ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ọmọ mi, o ò tíì lọ?"

"Mo wà níbí, Mà."

"Ohùn rẹ kì í ṣe ti ibí. Ibo lo ti wá?"

"Ṣakí ni, Mà. Nàìjíríà."

"Ó jìnnà. Ó dáa. Ẹni tó jìnnà lèèyàn ń sọ̀rọ̀ fún." Ó mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Láti ìgbà tí a ti fín oògùn sí òwú ló ti bẹ̀rẹ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi bíi ti ọmọ tó ń hu eyín. Mo sì mọ ẹni tó ń ṣe é. Ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ lé mi ni. Mi ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mi ò mu omi inú ìkòkò ilé mọ́. Mo ti ya tèmi sọ́tọ̀. Mo rí gálọ́ọ̀nù oògùn òwú kan, gálọ́ọ̀nù dáadáa ni, ìdérí rẹ̀ ń dé ṣinṣin. Mo fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Inú rẹ̀ ni omi mi wà, abẹ́ ibùsùn mi ni mo ń gbé e sí, kò sí ọwọ́ ẹnì kan tó ń kàn án. Síbẹ̀ àìsàn yìí kò dín. Àwọn ará ilé ọkọ mi máa ṣèpàdé ní ọ̀túnla. Màá ní kí wọ́n lé e lọ."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà."

Lẹ́yìn náà ni fóònù rẹ̀ kú. Mo pè é títí, kò lọ.

Mo lọ bá Mẹ̀síyé. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé, "Kí ló fi dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́?"

"Rárá ni, Mẹ̀síyé."

"Ó dáa, rárá náà ni." Ó gbìyànjú láti ṣí i padà, kọ̀ǹpútà ní ìpè náà ti parí. Ó họrí. "Àwọn tó ṣe é gbọ́n ju èmi àti ìwọ lọ, ọmọ mi."

Fífámẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Tọ́ńtọ̀n ti jáde nílé Màmá náà," ló wí. "Kò dúró kí wọ́n sin òun sọ́nà ni."

Mẹ̀síyé yíjú sí i. Ó wá rọra jókòó.

"Lọ́dọ̀ wa," ló wí, "èèyàn kì í sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo nínú ilé. Wàá bi í, á ní àlàáfíà ni. Wàá jẹun, wàá mumi. Nígbà tó bá sìn ọ́ dé ìdí igi lẹ́yìn abúlé, tí o ti fẹ́ máa lọ, ibẹ̀ ni á ti sọ ọ́. Bàbá mi kò sọ nǹkan gidi kan fún mi rí, àfi lẹ́bàá ọ̀nà." Ó wo gbogbo àwọ̀ ewé tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Ẹni mélòó la ti pa fóònù mọ́ létí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀?"

Fífámẹ̀ na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

"Lọ lọ́la," ló wí fún mi. "Lọ bí àlejò o. Má lọ bí ìjọba."

Bantè, ohùn rédíò

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Bantè, ó dà bíi pé mò ń gbọ́ èdè wa láti yàrá kejì. Mo mọ̀ pé tiwa ni, mò ń mú ọ̀rọ̀ kan níbí, mò ń mú òmíràn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ dì í mú, á bọ́. Mo ra dùndún lọ́wọ́ obìnrin kan. Bí mo ṣe lanu báyìí, ó pe ẹnì kejì rẹ̀.

"Wá gbọ́! Ó dà bíi rédíò! Ọmọ, tún nǹkan sọ. Sọ pé 'ìròyìn nìyí'."

Mo sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà fi dùndún méjì lé e fún mi, ó ní ti ohùn mi ni. Ojú tì mí, mi ò lè jẹ ẹ́ níwájú wọn.

Orí ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mì níbẹ̀, ni mo gùn dé Akpassi. Eruku pupa lẹ́yìn wa, òwú tó ti là funfun lọ́tùn-ún àti lósì, àti igi kajú. Ẹni tó gbé mi kígbe sí mi láìwẹ̀yìn: "Ṣé o ti gbọ́? Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà kan ń fi fóònù wá ibi tó ti máa rí májèlé rà."

Díẹ̀ ló kù kí n já bọ́.

Omi

Bàbá kan jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé Ìyá Róòsì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, òun ló sì máa darí ìpàdé ọjọ́ kejì. Obìnrin kan tí kò ju mí lọ púpọ̀ ń yọ kóró kúrò lára òwú. Mo mọ̀ pé ìyàwó kékeré nìyẹn. Òun ló kọ́kọ́ dìde, ó kí mi káàbọ̀, ó sáré bu omi sínú igbá láti inú ìkòkò ilé.

"Gbé tìrẹ padà." Ohùn tí mo gbọ́ nínú fóònù ló jáde láti inú yàrá. "Àlejò mi ni. Mo mọ ohùn rẹ̀. Omi tèmi ló máa mu."

Ìyàwó gbé igbá náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ jókòó. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa nǹkan jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìdérí tó le. Ìyá Róòsì jáde pẹ̀lú abọ́ funfun kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń ta sílẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ó dúró níwájú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé abọ́ náà lọ sẹ́nu ara rẹ̀, kí n lè mọ̀ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Abọ́ bọ́, gbogbo omi dà sí mi lára.

Bàbá dìde. "Àlejò, kí lo rí nínú omi wa?"

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìyá Róòsì ń wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbá létí. Ní ojú kan náà ni fóònù mi dún. Fífámẹ̀ ni.

"O ti dé?"

"Bi mí," ni mo wí.

"Kí ni mo fẹ́ bi ọ́?"

"Ìbéèrè Tọ́ńtọ̀n. Ṣí ìpè tuntun. Fo ti àkọ́kọ́."

Fífámẹ̀ kò béèrè ìdí. Mo fi ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi, ohùn mi padà wá. Fífámẹ̀ ń túmọ̀ láti inú Faransé, èmi ń béèrè lọ́wọ́ Ìyá Róòsì, mo sì ń gbé ìdáhùn rẹ̀ padà.

"Inú kí ni omi náà wà?"

"Gálọ́ọ̀nù," ni Ìyá Róòsì wí. Ojú tì mí láti rí i pé ó ṣì ń dá mi lóhùn.

"Kí ló wà nínú gálọ́ọ̀nù náà tẹ́lẹ̀?"

"Oògùn òwú. Ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́."

"Ta ló ń mu ún?"

"Èmi nìkan."

"Ta ni ara rẹ̀ kò yá nínú ilé?"

Ìyá Róòsì lanu. Ó pa á dé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi nìkan," ló wí.

Bàbá tún jókòó. Ìyàwó ti dá òwú ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ohùn Fífámẹ̀ jáde nínú fóònù: "Ó ti pupa. Ó pupa bí ata. Ó ní kó má mu ún mọ́. Ó ní kó lọ sílé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ó ní ọṣẹ kò lè mú un kúrò lára ike. Kí wọ́n má sun ún, kí wọ́n má fọ̀ ọ́ lódò. Kí wọ́n dá a lu, kí wọ́n kó o sínú àpò níbi tó jìnnà sí kànga, títí a ó fi wá kó o."

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó kékeré. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bàbá kàn ní, "Ìpàdé ọ̀la, kó dúró ná. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yẹn kọ́kọ́ sọ tirẹ̀."

Igbá omi Ìyàwó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé e, ó mu díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e fún mi. Mo mu ún. Ó gbé e síwájú Ìyá Róòsì pẹ̀lú. Ìyá Róòsì wojú omi náà. Ó ní òǹgbẹ kò gbẹ òun.

Ìdí igi kajú

Ìyàwó ló sìn wá dé ibi tí sẹ́mì wà, nígbà tí èmi àti Ìyá Róòsì ń lọ sílé ìwòsàn. Ìyá Róòsì ti gun ọ̀kadà. Ìyàwó fà mí sẹ́yìn díẹ̀ sábẹ́ igi kajú.

"Mo ti di ẹrù mi láti ìjẹta," ló wí. "Mo fẹ́ lọ kí wọ́n tó lé mi." Ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ mi. "Ó dàbọ̀."

Nọ́ọ̀sì tó yẹ Ìyá Róòsì wò kò fi ọkàn wa balẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ omi náà, ó lè jẹ́ fífín tí wọ́n fín òwú láìbo imú, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó fún un lóògùn, ó ní kó padà wá. Mo padà sí Savalou láìmọ̀ bóyá mo ti tún nǹkan ṣe tàbí mo ti bà á jẹ́.

Mẹ̀síyé lẹ ìwé kan mọ́ iwájú tábìlì kọ̀ọ̀kan: *Bí Tọ́ńtọ̀n bá parí, ìwọ má tíì parí.* Ó kọ̀wé sí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà pé kí wọ́n yọ ìbéèrè májèlé kúrò níwájú, kí wọ́n máa fi ike tí wọ́n fi ń pọnmi bẹ̀rẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bantè láti orí ilé àkọ́kọ́. Àwọ̀ ewé ń di pupa lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú Mẹ̀síyé kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ dúró gbọ́ wọn. Ẹ dúró." Bàbá Atokoligbé ní kí n kí ọmọ ọdún méjì náà, ó ní ó ti ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ tán, mo wálé. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ Akpassi parí síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún nígbà tí mò ń ro ọkà fún ìyá mi. Ìyá Róòsì ni.

"Ọwọ́ yín ńkọ́, Mà?"

"Àlàáfíà ni."

"Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni." Ó ní kí n kí ìyá mi. Ó ní kí n kí gbogbo Ṣakí. Ó ní ó dàbọ̀, èmi náà ní ó dàbọ̀.

Mi ò pa fóònù. Mo gbé ọkà kalẹ̀ kúrò lórí iná, mo dúró. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"O ò tíì lọ?"

"Mo wà níbí, Mà."

"Ìyàwó bu omi wá fún mi láàárọ̀ yìí. Ó fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo mu ún."